Ímeèlì ọ́fíìsì: ẹ kọ àdírẹ́sì gbẹ̀yìn

"Pàtàkì" kì í ṣe àkọlé. Ọ̀gá yín ní Alágbàká, l'Ákùúrẹ́, tó ní ogójì ímeèlì nílẹ̀ ò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Mo ń tọrọ ìsinmi, ọjọ́ 4 sí 8 oṣù yìí" ti sọ ọ́ tán kó tó ṣí i.

Ẹ kí àgbà o, àmọ́ "Ẹ káàárọ̀ sà" ti tó. Ẹ má kí dé orí ará ilé. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni kó tẹ̀ lé e, torí orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń kà á.

Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ náà ló ń wà ní To. Cc wà fún ẹni tó kàn yẹ kó gbọ́. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí oníbàárà tí kò mọra wọn, Bcc ni kí ẹ lò, kí wọ́n má baà rí àdírẹ́sì ara wọn. Reply All (fífèsì sí gbogbo ẹni tó wà nínú ímeèlì náà) ló ń dójú ti èèyàn jù: ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ fi tó ẹnì kan létí á dé ọwọ́ ẹni tí ẹ ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn gan-an.

Ẹ so fáìlì mọ́ ọn ná (Gmail ò gbà ju 25 MB lọ), kí ẹ kọ ọ̀rọ̀, kí àdírẹ́sì gbẹ̀yìn. Ímeèlì tí kò ní àdírẹ́sì ò lè ṣèèṣì lọ. Nínú Settings Gmail, ẹ gbé Undo Send (àkókò tí ẹ fi lè dá ímeèlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ dúró) dé 30 seconds. 5 péré ni bí ẹ ò bá yí i. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, ẹ yẹ Outbox (ibi tí ímeèlì tí kò tíì lọ ń dúró sí) wò kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà.