Ìgbín Ń Lọ sí Òkè Scotland: Àkọsílẹ̀ Ìmúrasílẹ̀ Wa

Oṣù Kìíní

A ti rà á. Fiat Ducato àlòkù kan ni, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti sọ di ilé: bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, sítóòfù olójú méjì, síǹkì, fíríìjì kékeré, àti ilé ìtọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ ọ́. Gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 6, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 2.05 láìka dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn. Dámi ọmọ wa ló sọ ọ́ ní Ìgbín, torí bí ìgbín bá fà, ìkarahun rẹ̀ a tẹ̀ lé e. Orúkọ náà ti mọ́ ọn.

Ibi tí a fẹ́ gbé e lọ ni ọ̀nà etíkun tí wọ́n ń pè ní North Coast 500, lókè réré ní Scotland. Ọdún 2015 ni wọ́n so àwọn ọ̀nà tó ti wà níbẹ̀ látayébáyé pọ̀, tí wọ́n fún wọn ní orúkọ kan. Ẹ ó gbéra ní Inverness, ẹ ó yí orí ilẹ̀ náà po, ẹ ó sì padà sí Inverness. Máìlì 516 ni wọ́n pè é. Láti Leeds níbi tí à ń gbé dé Inverness nìkan, ó ju máìlì 350 lọ.

Baba Dámi wo máàpù, ó ní, "Ìyẹn ò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ." Mo ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wò ó dáadáa."

Oṣù Kejì

Mo ti wò ó dáadáa. Ọ̀sẹ̀ méjì ó lé la ó lò.

Apá ìlà-oòrùn ò le. Láti Inverness gba Dornoch àti Helmsdale lọ sí Wick, ọ̀nà gidi ni, mọ́tò méjì ń kọjá láìfara kanra. Àmọ́ bí èèyàn bá ti kọjá Thurso jìnnà díẹ̀, tó forí lé ìwọ̀-oòrùn, lọ́pọ̀ ibi ni ọ̀nà ti máa ń di ẹyọ kan: ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ ń lò ó ni. Wọ́n kàn ń fẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síta díẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ri pátákó mọ́ ọn pé ibẹ̀ ni kí ẹ ti yà fún ara yín.

Bí ibi yíyà náà bá wà lápá òsì, ẹ yà sínú rẹ̀. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹ dúró sí ọ̀kánkán rẹ̀ lápá tiyín, kí ẹni tó ń bọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ò gbọdọ̀ sọdá. Bí mọ́tò bá ti ń tò sẹ́yìn yín, ẹ yà kí wọ́n máa lọ, torí nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ àti darandaran tó ní àgùntàn lẹ́yìn ọkọ̀ kì í ṣe ẹni tó wá ṣe fàájì. Ẹ ò sì gbọdọ̀ páàkì síbẹ̀ ya fọ́tò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fa ìlà pupa sí nídìí, nítorí Baba Dámi.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ gba ìwọ̀-oòrùn, kí òkun lè wà lápá òsì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwa ó kọ́kọ́ gba ìlà-oòrùn. Mo fẹ́ kí ọwọ́ wa mọ Ìgbín lójú ọ̀nà tó gbòòrò kó tó dé ibi tóóró.

Mo sì ti fagi lé ibi méjì. Èkíní ni Bealach na Bà, ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Applecross. Láti ẹ̀gbẹ́ omi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ga dé mítà 626. Níbi tó ti dagẹ̀rẹ́ jù, gbogbo mítà 5 tí mọ́tò bá rìn, á ti gòkè ní mítà 1, àwọn kọ́nà rẹ̀ sì ń ṣẹ́rí padà léra wọn. Pátákó ńlá wà nísàlẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ mọ́tò, àwọn ọkọ̀ ńlá àti kárávàn pé kí wọ́n má dá a lábàá. Ọkọ̀ tó gùn tó tiwa lè gùn ún, àwọn èèyàn ń gùn ún. Ìbéèrè mi ni pé, bí a bá pàdé ẹlòmíì tó gùn tó wa lójú kọ́nà, ta ló máa fi ẹ̀yìn rìn? Baba Dámi ní òun lè fi ẹ̀yìn rìn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo máa jókòó sápá ibi tí ọ̀gbun wà." Láwọn ọdún 1970 ni wọ́n la ọ̀nà mìíràn gba etí omi láti Shieldaig wọ Applecross. Ó jìnnà ju ti òkè lọ, ẹlẹ́yọ kan lòun náà, àmọ́ kò ní í gbé èèyàn dé inú kùrukùru. Òun la ó gbà lọ, òun la ó gbà bọ̀.

Èkejì ni ọ̀nà B869 tó ti Lochinver gba Drumbeg já sí tòsí Kylesku. Kọ́nà rẹ̀ mú, òkè rẹ̀ dagẹ̀rẹ́ ju ti Bealach lọ láwọn ibì kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé Clachtoll wà lójú ọ̀nà yẹn, iyanrìn funfun rẹ̀ ló sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí rárá. Ọgbọ́n tí mo dá nìyí: bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Durness, a ó gba orí afárá Kylesku tí wọ́n ṣí lọ́dún 1984 (ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé mọ́tò sọdá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀), a ó tẹ̀lé A894 dé etí adágún Loch Assynt, níbi tí àwókù ilé olódi Ardvreck wà, a ó wá gba A837 wọ Lochinver. Láti ibẹ̀ la ó ti wọ Clachtoll, ká sùn, ká sì padà gba ibi tí a gbà wọlé. Apá tó burú nínú ọ̀nà náà wà níwájú Clachtoll, a ò ní í dé ibẹ̀.

Oṣù Kẹta

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà, òun ló sì ń pinnu gbogbo ohun tó kù.

Ìgbín ò gbọdọ̀ ju kílò 3,500 lọ: òun fúnra rẹ̀, epo, omi, ẹrù àti àwa. Nọ́ńbà mẹ́rin ni wọ́n tẹ̀ sára irin pẹlẹbẹ kékeré tó wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Èkíní ni àpapọ̀ ìwọ̀n ọkọ̀, èkejì ni ti ọkọ̀ pẹ̀lú ohun tó bá ń fà, ẹ̀kẹta ni ohun tí taya iwájú méjèèjì lè gbé, ẹ̀kẹrin ni ti ẹ̀yìn. Èèyàn lè wà lábẹ́ àpapọ̀ kó sì ti kọjá ti ẹ̀yìn, pàápàá tí ẹrù bá rọ̀ sẹ́yìn taya.

Líṣẹ́ńsì tèmi náà ò kọjá 3,500. Baba Dámi ti yege ìdánwò nílẹ̀ yìí kí ọdún 1997 tó wọlé, C1 (àyè láti wa ọkọ̀ tó wúwo ju 3,500 lọ) wà lára tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè wa ọkọ̀ tó tó kílò 7,500. Èmi tí mo fi líṣẹ́ńsì Nàìjíríà wa mọ́tò fún oṣù 12 tí òfin gbà, tí mo wá lọ jókòó ṣe ìdánwò tuntun bí ọmọdé, B lásán ni wọ́n fún mi. Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n bá ti dé, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á máa wo òkè àjà.

Ẹni tó ta Ìgbín fún wa ní kò sóhun tí kò lè gbé. Mo gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ọkọ̀ ńlá lágbàlá àwọn tó ń ra irin àlòkù, epo kún táńkì, kò sí omi, kò sí ẹrù, èmi nìkan nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún mi ka 3,010. Ó ku 490.

Ó dún lẹ́nu, àbí? Baba Dámi àti Dámi kó 160 nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú bàtà. Táńkì omi ń gba lítà 100, lítà omi kan sì jẹ́ kílò kan gééré: 100 tún lọ. Sílíńdà gáàsì méjì tó kún, 30. Ìbòji tí à ń fà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tábìlì, àga, 45. Kẹ̀kẹ́ méjì tí Dámi fẹ́ so kọ́ ẹ̀yìn pẹ̀lú irin tó ń gbé wọn, 45. Aṣọ, jákẹ́ẹ̀tì òjò àti ohun ìbora fún èèyàn mẹ́ta, 60. Ó ku 50, n kò sì tíì sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Mo ti kọ iṣu mẹ́ta sínú ìwé oúnjẹ. Mo gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná, ó ju kílò 3 lọ. Mo wo iṣu, iṣu wò mí. Omi ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ máa gbé kiri yẹn. Èlùbọ́ ni iṣu tí omi ti kúrò lára rẹ̀, kílò 2 rẹ̀ á bọ́ wa fún ọ̀pọ̀ àmàlà, omi tí a ó fi rò ó sì wà ní Scotland. Bẹ́ẹ̀ ni gààrí, bẹ́ẹ̀ ni ẹja gbígbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ata gígún. Iṣu ti kúrò nínú ìwé. Epo pupa wà nínú ìgò kékeré tí mo fi náílọ́ọ̀nù wé lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ ohun tí epo pupa ń ṣe sí kápẹ́ẹ̀tì. Ọbẹ̀ ata ní tiẹ̀, ilé ni mo ti máa dín in, kí n tó pín in sínú rọ́bà kí ó dì. Ẹni tó bá dín ata nínú ọkọ̀ yìí, orí bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ló ti dín in.

Kẹ̀kẹ́ náà ti kúrò. Kì í ṣe kílò 45 nìkan: ẹ̀yìn taya ló máa rọ̀ sí, á tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, á sì máa gbé iwájú sókè. Dámi ní, "Mọ́mì, ẹ kúkú fi èmi náà sílẹ̀ sílé." Mo sọ fún un pé a ṣì ń rò ó.

Omi: lítà 30 la ó máa gbé bí a bá ń rìn, a ó kún un bí a bá dé ibi tí a ó sùn. Ìbòji ti kúrò, àga ṣì wà.

Bátìrì tó ń bọ́ iná inú Ìgbín, a ti yọ olójé, a fi lithium 100Ah sípò rẹ̀. Owó rẹ̀ ká Baba Dámi lára gan-an. Àmọ́ ìdajì ìwọ̀n ti àkọ́kọ́ ni, èèyàn sì lè lò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nígbà tó jẹ́ pé olójé kì í pẹ́ bà jẹ́ bí wọ́n bá ń lò ó kọjá ìlàjì. Ẹni tó bá ti ní inverter nílé ní Nàìjíríà mọ ohun tí mò ń wí.

Gáàsì, propane la gbà. Butane kì í fẹ́ jáde mọ́ bí òtútù bá ti dé odo, propane ò sì mọ̀ pé òtútù mú.

A di ẹrù àdìdánwò, a gbé e padà sórí òṣùwọ̀n: 3,340, taya ẹ̀yìn sì wà lábẹ́ tiwọn. Àyè tó kù yẹn, mi ò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo mọ ara wa ní ṣọ́ọ̀bù.

Oṣù Kẹrin

Ìyá mi pè láti Ìbàdàn. Mo ṣàlàyé fún wọn pé inú mọ́tò la ó máa sùn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lé yín kúrò nílé ni?"

Ibi sísùn. Àwọn kan ní Scotland ni, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ sùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 2003 tó jẹ́ kí aráyé lè rìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí wọ́n sì pàgọ́, kò kan mọ́tò. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn tó pọn tẹ́ńtì sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún. Mo fara mọ́ ọn. Àwọn abúlé tó wà lọ́nà yẹn kéré, bí gbogbo wa bá ń da omi ìdọ̀tí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á kórìíra wa, wọn ò sì ní í jẹ̀bi.

Nítorí náà, mo ti gba àyè ní ibi ìpàgọ́ tó wà ní Dunnet Bay. Dunnet Head tó wà nítòsí rẹ̀ ni ṣóńṣó àríwá ilẹ̀ Bìrìtìkó gangan, láìka àwọn erékùṣù kéékèèké mọ́ ọn, kì í ṣe John o' Groats tí gbogbo ayé ń sáré lọ ya fọ́tò. Mo gba Sango Sands ní Durness, a ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ihò àpáta Smoo wà níbẹ̀, omi ń dà láti òkè wọ inú rẹ̀. Mo sì fẹ́ lọ sí Cape Wrath. Mọ́tò ara ẹni ò lè dé ọ̀hún: ọkọ̀ ojú omi kékeré ló ń gbé èèyàn sọdá Kyle of Durness, bọ́ọ̀sì á wá gbé e dé ibi ilé iná etíkun. Bí atẹ́gùn bá le tàbí bí àwọn ológun bá ń yìnbọn dánra wò lórí ilẹ̀ wọn, ó di ọjọ́ mìíràn, ìdí nìyẹn tí mo fi fi ọjọ́ kún Durness. Clachtoll náà ti dáhùn.

Ìparí oṣù yìí la ó gbéra, torí kantíkantí. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń jẹ èèyàn lápá ìwọ̀-oòrùn, oṣù Keje àti Kẹjọ ló burú jù. Wọn ò lè fò bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ dáadáa, àmọ́ ta ló lè bẹ atẹ́gùn lọ́wẹ̀? Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún dára: wọn ò tíì pọ̀, oòrùn sì ń kọjá aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó wọ̀.

Ilé ìtọ̀ ní àpótí tó ṣeé fà yọ látìta, tí a ó máa lọ dà síbi tí wọ́n ṣe fún un. Mo pín iṣẹ́: èmi ni máàpù àti oúnjẹ, Dámi ni omi àti wáyà iná, Baba Dámi ni agbépòó. Baba Dámi ní òun ò gbà. Mo rán an létí pé C1 ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó kúnjú ìwọ̀n fún ẹrù tó wúwo.

Ó ku Applecross, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Bí àyè ò bá sí, Gairloch la ó sùn sí kẹ́yìn, ká gba Kinlochewe jáde sí Inverness. Ní ọjọ́ Sátidé, Dámi máa lẹ ìwé ìwọ̀n Ìgbín mọ́ iwájú síteárìn: mítà 6, mítà 2.05, kílò 3,500, àti gíga rẹ̀, kí ẹni tó bá ń wà á lè rí i kó tó wọ abẹ́ afárá. A ò tíì wọn gíga náà. Àkàbà wà lọ́dọ̀ aládùúgbò.