Sí ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fríídọ̀mù ní Ṣómólú

A ti jẹ, a ti mu, a ti ya fọ́tò fríídọ̀mù, àwọn ìyá yín sì ti ṣàdúrà fún mi. Ní ti iṣẹ́ ìtẹ̀wé tí mo kọ́ yín, ọkàn mi balẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń mú àwọ̀ mẹ́rin jókòó sórí ara wọn kí lẹ́tà má baà ní òjìji, ẹ sì mọ pépà tí ọ̀rinrin ti bà jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ohun tí mi ò rí ẹni kọ́ mi nígbà tèmi ni mo fẹ́ sọ, nítorí mo ti ń rí i lára yín: ẹ kì í lè wojú oníbàárà kí ẹ sọ ohun tó wà nínú yín.

Èkíní, ẹ gba owó àsansílẹ̀ kí ẹ tó ra pépà. Ìdajì, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?", ẹ ní ẹ fọkàn tán wọn, ẹni tó ń ta pépà ni kò mọ̀ wọ́n rí.

Èkejì, ẹnì kan ṣoṣo ni kó fọwọ́ sí prúùfù, ẹ̀dà tí oníbàárà máa ń yẹ̀ wò kí a tó tẹ iṣẹ́. Kì í ṣe ìgbìmọ̀.

Ẹ̀kẹta... Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ibi tí méjì yìí ti wá, torí àwọn kan nínú yín kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi nígbà náà.

Lọ́dún 2023, ẹgbẹ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó gbé kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀ fún mi. Oṣù karùn-ún la dúnàádúrà. Alága wọn ń pè mí ní "ọmọ mi", wọ́n ní gbogbo iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni àwọn á máa gbé fún mi. Orí mi wú.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, ìjọba tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, dọ́là fò sókè. Ó ti pẹ́ tí ilé iṣẹ́ pépà tí ìjọba kọ́ sí Jẹ́bà, Ìwópin àti Oku-Iboku kò ti lè pèsè pépà tó tó wa. Òkè òkun ni pépà wa ti ń wá, ni iye rímù bá ń yí padà ṣáá. Nígbà tí wọ́n fi kó fọ́tò wọn dé ní oṣù kọkànlá, owó tí a fẹnu kò sí kò lè ra pépà nìkan, ká má tíì sọ íǹkì àti pléètì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé. Gbólóhùn kan ni ọ̀rọ̀ náà: "Alága, owó pépà ti yí padà, ẹ jẹ́ ká tún un sọ." Kò jáde lẹ́nu mi. Mò ń rò ó pé wọ́n á ní ọ̀kánjúwà wọ̀ mí, ṣebí àwọn ti sọ mí dọmọ. Mo gba owó àjọ tí ìyàwó mi fẹ́ fi san owó ilé ìwé, mo fi kún un.

Alága fọwọ́ sí prúùfù, a ṣe pléètì. Ìyá Ẹgbẹ́ pè: fọ́tò àwọn kéré sí ti akọ̀wé. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Mo fẹ̀ ẹ́, mo ṣe pléètì mẹ́rin mìíràn, torí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Akápò pè: gèlè àwọn pọ́n jù, àwọ̀ àlùbọ́sà ni, kì í ṣe pupa. Mo tún un ṣe. Akọ̀wé gbọ́ pé fọ́tò àwọn ti wá sísàlẹ̀, wọ́n wá fúnra wọn láti Eréko, wọ́n jókòó sórí rímù pépà, wọ́n ní àwọn ò ní dìde. Mo gbé e padà sókè. Ìyá Ẹgbẹ́ tún gbọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé alága ti fọwọ́ sí i. "Ó dáa, mà," "Ó dáa, sà," ni mò ń wí, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń sùn sórí pátákó.

Oṣù kìíní ti ń parí lọ kí kàlẹ́ńdà tó jáde. Alága tó ń pè mí lọ́mọ ní kí n máa kó wọn lọ, pé mo dójú ti àwọn. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ti akọ̀wé ni mò ń ṣe. Akọ̀wé ní ọmọ Ìyá Ẹgbẹ́ ni mí. Kò sẹ́ni tí mi ò ṣe tirẹ̀ fún nínú wọn, kò sì sẹ́ni tí kò bínú. Wọn ò san ìyókù owó náà títí dòní, ó ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́. Iṣẹ́ náà sì dára. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á wo àwọ̀ gèlè yẹn, á mọ̀.

Wọ́n tọ́ wa pé ká dọ̀bálẹ̀, ká má já àgbà níyàn. Ó dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iye pépà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lè na gbalaja sílẹ̀ fún àgbà, kí ẹ sì ti ilẹ̀ níbẹ̀ sọ pé, "Bàbá, mi ò ní lè ṣe é ní iye yẹn." Ẹnu kan náà ló ń sọ méjèèjì, àgbà tó mọ iyì ara rẹ̀ kò sì ní torí ẹ̀ bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí nígbà yẹn, mo ń pè é ní ọ̀wọ̀. Nísinsìnyí, aṣọ ẹbí tí agbára mi ò ká, mi ò rà á. Mo ń wọ aṣọ tí mo ní lọ síbi ayẹyẹ, mo sì ń jẹun mi níbẹ̀. Àwọn oníbàárà kan lọ. Àwọn tó kù ń sanwó, ìyàwó mi sì ti ń kó owó àjọ rẹ̀ fún ohun tó dá a sí.

Mo gbọ́ pé ọ̀kan nínú yín ti gba iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ọjọ́ ìsìnkú sì ti ń sún mọ́lé. Ìwọ náà mọ ara rẹ. Pè wọ́n lálẹ́ òní. Kí wọn dáadáa, bá wọn kẹ́dùn, kí o sì béèrè owó àsansílẹ̀ àti orúkọ ẹnì kan tó máa fọwọ́ sí fọ́tò olóògbé. Bí wọ́n bá ní àwọn á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, fún wọn ní nọ́ńbà mi. Owó àsansílẹ̀ lèmi náà máa kọ́kọ́ béèrè.