Yàrá mi, ọ̀sẹ̀ kẹfà: ta ló ń fún ògiri lómi mu?

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti ọ̀sẹ̀ méjì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, iyẹ̀pẹ̀ kún èékánná mi, ẹ̀yìn ń ro mí, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn kí n tó ròyìn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: yàrá mi ni mo ń tún ṣe, tí mo sì ń ròyìn rẹ̀ níbí láti ọ̀sẹ̀ kìíní; òórùn kan tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀ ló ń bá mi jà jù.

Ká kọ́kọ́ mú àwọn tó ti parí kúrò nílẹ̀. Ọ̀pá ìfaṣọkọ́ tí mo fi ọparun ṣe ti wà lókè, kò sì tíì já. Àga tí aṣọ máa ń gùn lé lórí bí òkè Ìdànrè ti jáde kúrò nínú yàrá pátápátá; bí kò bá sí àga, aṣọ ò ríbi jókòó. Mo sá fóòmù sí oòrùn ọjọ́ méjì, mo sì yí i padà. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ṣófo, ìgbálẹ̀ ń dé ibẹ̀ láràárọ̀.

Aṣọ fèrèsé tí mo sọ pé mo fẹ́ rà ti délé. Ẹnì kan bi mí nígbà yẹn pé ọ̀pá mélòó ni yóò tó. Fèrèsé lúfà mi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ìyẹn ínṣì 48. Aṣọ tí kò bá ní ìṣùpọ̀ kò yàtọ̀ sí tábìlì tí wọ́n tẹ́ aṣọ lé, nítorí náà ó yẹ kó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì fèrèsé. Àdìrẹ tí mo rà fẹ̀ tó ínṣì 45, mo bá gé e sí ọ̀nà méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ínṣì 68 pẹ̀lú ìṣẹ́tí. Ọ̀pá 4 gbé e, ó sì kù díẹ̀ tí mo fi rán àpò ìrọ̀rí kékeré kan. Mo ti fẹ́ lọ Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lọ rà á, owó ọkọ̀ ló lé mi padà. Òṣogbo ni mo lọ. Aró rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán kó tó kan aṣọ funfun. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má bi mí nípa bùláòsì mi.

Ó ku òórùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo sọ fún yín pé mo ti ṣẹ́gun rẹ̀. Irọ́ ni. Òórùn náà dà bíi ti aṣọ tí wọ́n ká nígbà tí kò tíì gbẹ, ó sì máa ń kí mi ní ẹnu ọ̀nà bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Nígbà tí mo fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri ni mo rí ilé rẹ̀: ọ̀dà ti wú, ó ń ṣí bí èèpo, dúdú-dúdú ti bu káàkiri, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ sì ń yọ lára símẹ́ǹtì. Mo fi bílíìṣì nù ún. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde lè pani.) Dúdú náà lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó ti padà dé, ara rẹ̀ tún le sí i.

Mo gbé èédú sínú ìkòkò àtijọ́ sí ìsàlẹ̀ wọ́dúróòbù, ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Káńfọ̀ ní tirẹ̀ kàn ń fi òórùn bo òórùn ni. Lẹ́yìn náà mo rò pé afẹ́fẹ́ ni kò ríbi gbà, torí pé títì ni lúfà máa ń wà látàárọ̀ nítorí eruku ọ̀nà. Mo yọ wọ́dúróòbù síwájú ní ìka mẹ́rin, mo sì ń ṣí lúfà. Aṣọ inú rẹ̀ kò rùn mọ́. Ògiri ò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣe nǹkan kan.

Ni mo bá dán ohun tí mo ti gbọ́ tipẹ́ wò. Mo gé nylon tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri, mo fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí omi bá wà lójú nylon, inú afẹ́fẹ́ yàrá ni ọ̀rinrin ti ń wá. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn nylon ló wà, inú ògiri ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà, tó-tó-tó bí òógùn imú.

Ó dáa, inú ògiri ni. Ṣùgbọ́n omi wo? Inú ìsinmi òjò oṣù kẹjọ la wà, òjò ò sì tíì rọ̀ sí àdúgbò wa ní Paràkìn, ní Ilé-Ifẹ̀, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo gun àkàsọ̀ wo òrùlé, òrùlé gbẹ. Kò sí páìpù ní ẹ̀gbẹ́ yẹn. Láti ilẹ̀ ni omi náà ti ń gun òkè, ó dúró ní bí ẹsẹ̀ bàtà méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé ni Bàbá kan nínú agbo ilé wa, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ bíríkìlà, wá bá mi wò ó. Bàbá ò wọ yàrá rárá. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbà, wọ́n dúró níwájú ebè ewé tíì àti efinrin mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí láti ọ̀sẹ̀ kìíní rántí ebè náà, èyí tí mo fi yangàn pé òórùn rẹ̀ yóò máa gba ojú fèrèsé wọlé.

"Ọmọ mi, ta ló ń bomi rin ibí yìí?"

"Èmi ni, sà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi páwpáw mú. "O ò ṣe gbé àga fún ògiri náà kó jókòó mumi?"

Alámọ̀ ni ilé wa, símẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà tó yá. Bàbá ní amọ̀ máa ń mu omi, á sì tún mí i jáde, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì ti pa á lẹ́nu dé. Èmi náà wá kó iyẹ̀pẹ̀ tì í ju ìwọ̀n ilẹ̀ inú yàrá lọ, mo sì ń rin ín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Yàrá mi ni omi rí gbà jáde, ó sì ń gbé iyọ̀ inú amọ̀ bọ̀. Ohun tí mo gbìn kí yàrá lè máa ta sánsán ló ń sọ ọ́ di kíkan.

Mo ti hú gbogbo rẹ̀. Ewé tíì wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo gé lórí, mo sì dá ihò sí ìdí wọn. Efinrin méjì ti kú.

Ọ̀dà sátínì tí mo rà ńkọ́? Ó wà ní kọ̀rọ̀, ẹni tó tà á ní òun ò gbà á padà. Bí mo bá kùn ún báyìí, ṣe ni mo tún ti ilẹ̀kùn mọ́ omi nínú. Bàbá ní kí n gé símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ náà kúrò, kí n fi amọ̀ hàn sí afẹ́fẹ́, kí n sì dúró de ọyẹ́. Mo ti ń ronú àtikùn ún lọ́sẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ o.

Ẹsẹ̀ ògiri níta ló wá ń jẹ mí lọ́kàn jù báyìí. Sìmẹ́ǹtì lásán ni mo ti fẹ́ dà síbẹ̀, àfi bí mo ṣe rántí ilẹ̀ alápáàdì tó wà ní Ìta Yemòó, èyí tí ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n máa tẹ́. Wọn ò tẹ́ àpáàdì náà bẹẹrẹ. Etí ni wọ́n gbé e dúró lé, ó há mọ́ra wọn gádígádí. Àpáàdì ò sí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n táìsì fífọ́ kún ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tà á ní Làgèrè, wọn ò sì gba owó. Màá tẹ́ ẹ kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kó sì dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri ní ínṣì kan. Mo ti kó àpò kan.

Láti Sátidé ni mo ti ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí omi dé lójú ògiri, mo sì ń kọ ọjọ́ sí i. Ìlà alẹ́ yìí fi ìka kan rẹlẹ̀ ju ti Sátidé lọ. Bẹ́ẹ̀dì ṣì wà láàárín gbùngbùn yàrá, mo ń sùn síbẹ̀ bí òkú tí wọ́n tẹ́.