Ọ̀nà Ọ̀mùò àti àwọn ọmọbìnrin tó jagun lójú ọ̀run

Tí mọ́tò bá ti kọjá Iléṣà, tó kọrí sí Èkìtì, ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ máa ń yí padà. Títí dé ibẹ̀, owó epo àti owó gàrí ni gbogbo wa ń sọ. Ṣùgbọ́n bí òkè bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọmọ Èkìtì inú ọkọ̀ á gbéra sọ, wọ́n á máa ka ìlú fún àlejò. Ìgbéyàwó àbúrò ọ̀rẹ́ mi ni mo ń lọ ní Ọ̀mùò, ní ìparí Èkìtì pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́ di Kogí. Síẹnà ni mo wọ̀ ní Ìwó Road ní Ìbàdàn, wọ́n sì fún wa mọ́ra débi pé mo mọ irú ọṣẹ tí ìyá tó jókòó tì mí fi fọ aṣọ rẹ̀.

Ní Ìtawùrẹ́, bàbá kan tó wà níwájú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, nawọ́ sí ọ̀nà tó yà lọ sí Òkèmẹ̀sí. "Ẹ wò ó, ọ̀nà ìlú Fábùnmi nìyẹn." Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ogun Èkìtìparapọ̀ tí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà fún wa, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí kò sì tán nílẹ̀ pátápátá títí di 1893. Ó sọ bí Fábùnmi ṣe pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, àti bí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó ṣe ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Èmi ọmọ Ìbàdàn rọra kọjú sí fèrèsé.

Ìyá ẹ̀gbẹ́ mi ló bi í pé, "Bàbá, àwọn obìnrin ńkọ́ nínú ogun yẹn?"

Bàbá ní wọ́n ń dáná, wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n ń tajà ní bùdó. Ó ní ojú ogun kì í ṣe ibi tí à ń rán obìnrin lọ. Dírẹ́bà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn tó fi dá a lóhùn: "Bàbá, ọkùnrin rí ejò, obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ." Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Mi ò lè gbẹ́nu dákẹ́ mọ́. Bí ẹlòmíràn ṣe ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù ni èmi ṣe ń tẹ̀ lé ìtàn ogun. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, àwọn ọmọbìnrin wà ní Rọ́ṣíà tí wọ́n wa bàálù ogun, tí wọ́n ń yìnbọn já bàálù Jámánì bọ́ láti òkè." Bàbá ní òun náà ti gbọ́ nípa àwọn nọ́ọ̀sì ojú ogun. Mo ní kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Bí a ṣe ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n ni mo ń sọ ọ́. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1941 ni Jámánì ya bo ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, tí Rọ́ṣíà wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fò ni pé àwọn ọmọbìnrin náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bàálù nígbà tí ogun dé. Ọdún mélòó kan ṣáájú ogun ni ìjọba ti dá ẹgbẹ́ ìkọ́bàálù sílẹ̀ káàkiri, tí òṣìṣẹ́ àti ọmọ iléèwé, ọkùnrin àti obìnrin, lè lọ kọ́ ọ. Lydia Litvyak, ọmọ Mọ́síkò, wọ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Nígbà tó pé 15, òun nìkan ló gbé bàálù sókè. Èyí ni mo fẹ́ kí bàbá gbọ́ dáadáa, nítorí bí a bá ń sọ̀rọ̀ obìnrin àti ogun, ìgboyà la máa ń jiyàn lé lórí, bí ẹni pé ìgboyà ló ṣọ̀wọ́n. Ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ ló ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ogun dé, àwọn ọmọbìnrin yìí lọ fi orúkọ sílẹ̀, ìjọba ní kí wọ́n lọ ṣe nọ́ọ̀sì. (Bàbá orí ìjókòó iwájú kò dá nìkan ronú bẹ́ẹ̀.) Wọ́n wá ń kọ lẹ́tà sí Marina Raskova. Gbogbo ilẹ̀ náà ló mọ obìnrin yìí. Ní 1938, òun àti àwọn obìnrin méjì mìíràn gbé bàálù láti Mọ́síkò, wọ́n kọrí sí ìlà oòrùn jíjìnnà láì balẹ̀ níbì kankan. Epo tán mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí igbó. Iwájú bàálù ni Raskova jókòó sí, ibẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ fọ́ bí wọ́n bá balẹ̀ tipátipá, ni wọ́n bá ní kó fi páráṣúùtù bẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko ló fi rìn nínú igbó kó tó rí àwọn ẹnìkejì rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá Stalin, olórí ilẹ̀ náà, sọ̀rọ̀, Stalin sì gbọ́. Ní oṣù Kẹwàá 1941, àṣẹ jáde pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú obìnrin mẹ́ta sílẹ̀: 586 tó ń bá bàálù ọ̀tá jà, 587 tó ń ju bọ́ǹbù, àti 588 tó ń ju bọ́ǹbù lóru nínú bàálù pákó aláṣọ.

Ìlú Engels, lẹ́bàá odò Volga, ni wọ́n kó wọn lọ. Wọ́n gé irun wọn. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n fún wọn, bàtà sì tóbi débi pé wọ́n ń ki nǹkan bọ inú rẹ̀ kó tó dúró lẹ́sẹ̀. Litvyak gé awọ onírun inú bàtà òtútù tí ìjọba fún un, ó rán an mọ́ ọrùn aṣọ rẹ̀ kó lè dùn ún wò. Wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ìyá ẹ̀gbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọge ni o jàre."

Ní oṣù Kẹsàn-án 1942 wọ́n gbé ọmọge yìí lọ sáàárín àwọn ọkùnrin ní Stalingrad. Ọjọ́ 13 oṣù yẹn ló já bàálù Jámánì méjì bọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 21 ni. Bẹ́ẹ̀, ìjọba tó ń jà fún yìí náà ló kó bàbá rẹ̀ lọ ní 1937, nígbà tí Stalin ń kó èèyàn, bàbá ò sì padà wá mọ́.

Ṣùgbọ́n ìtàn tó yí bàbá lérò padà ni ti Tamara Pamyatnykh àti Raisa Surnachevskaya, tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ 586. Ní oṣù Kẹta 1943, wọ́n rán àwọn méjèèjì lọ dáàbò bo oríta ojú irin kan tí àwọn ọmọ ogun kún fọ́fọ́. Bàálù bọ́ǹbù Jámánì tó ń bọ̀ jẹ́ 42. Wọ́n fi oòrùn sẹ́yìn, wọ́n já wọ àárín wọn láti òkè, ẹnì kọ̀ọ̀kan já méjì bọ́, àwọn yòókù sì da bọ́ǹbù wọn sí ibi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ. Apá bàálù Pamyatnykh já, ó fi páráṣúùtù bọ́ sílẹ̀. Surnachevskaya fi àyà bàálù tirẹ̀ balẹ̀ nínú pápá. Àwọn méjèèjì yè. Bàbá dákẹ́ títí a fi kọjá Àrámọkọ, ó wá ní, "Méjì sí méjìlélógójì! Ó tì o, ẹ jẹ́ n dákẹ́."

Mo padà sórí òwe dírẹ́bà. Òtítọ́ ni, kí ejò má ṣáà lọ. Ohun tí Sófíẹ́ẹ̀tì ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ejò kú tán ní 1945, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ obìnrin. Wọ́n tú ẹgbẹ́ wọn ká, èyí tó pọ̀ jù sì padà sílé. Amẹ́ríkà ò sàn jù wọ́n lọ. Àwọn obìnrin tó lé ní 1,000 ló ń gbé bàálù ogun láti iléeṣẹ́ lọ sí bárékè fún wọn, 38 sì kú lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ìjọba ò kà wọ́n sí sójà. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń dáwó gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n tú wọn ká ní oṣù Kejìlá 1944, 1977 ni wọ́n tó gbà pé sójà ni wọ́n jẹ́. Dírẹ́bà ní, "Àwọn òyìnbó yìí náà mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ gbèsè."

L'Ádó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ iyán. Kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iyán Adó tí ẹ ò tíì gbọ́ rí. Mọ́tò mìíràn ló gbé mi gba ọ̀nà Ìjàn. Ojú ọ̀nà yẹn ni pápákọ̀ òfuurufú tí ìjọba Fáyẹmí kọ́ wà. Bí a ṣe ń kọjá, àwọn ọkùnrin méjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí owó tó bá a lọ àti ẹni tó jẹ ẹ́, ìjà náà ò sì tán títí a fi dé Ìlú-Ọmọba. Ohun tó wà lọ́kàn tèmi yàtọ̀. Èkìtì tí à ń wí yìí, ìyá ta kòkó, bàbá ta iṣu, kí ọmọ lè di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ohun tí wọ́n ní kí ọmọ Èkìtì lọ kọ́ tí kò kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ọdún 14 tó ń gbé lẹ́bàá pápákọ̀ yẹn, níbo ni yóò ti fọwọ́ kan bàálù?

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ọ̀mùò. Ẹ̀yìnkùlé ti kún, ìkòkò wà lórí iná. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta yí odó kan ká, ọmọ odó ń lọ sókè sódò láì kọlu ara wọn. Èyí tó ga jù nínú wọn, àbúrò tó kéyìn sí ọ̀rẹ́ mi, ń gún un tojú tìyẹ́, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún láì jẹ́ kí ọmọ odó pa ìgbà tirẹ̀ jẹ. Ọ̀rẹ́ mi tọ́ka sí i: "Àǹtí, sójà wa nìyẹn. NDA, iléèwé àwọn ọ̀gá sójà ní Kàdúná, ló fẹ́ lọ. Bàálù ló fẹ́ wà."

Lálẹ́, ọmọ náà mú fóònù wá fi àwòrán Tolulope Arotile hàn mí. Ní Ọ̀mùò, wọn ò sọ̀rọ̀ Arotile bí èèyàn òkèèrè. Iffe ní Ìjùmú, ní Kogí, ni baba rẹ̀ ti wá, ẹ̀yìn ibodè ibẹ̀ yẹn náà sì ni. Oṣù Kẹwàá 2019 ni wọ́n fi àmì ìyẹ́ tí wọ́n ń fún awabàálù sí i láyà, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kan náà ni Kafayat Sanni, ọmọ Kogí bákan náà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó wa jẹ́ẹ̀tì ogun. Arotile bá àwọn agbébọn jà ní Ìpínlẹ̀ Niger. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2020, mọ́tò kan tó ń fi ẹ̀yìn rìn kọlù ú nínú bárékè ní Kàdúná. Ọmọ ọdún 24 ni.

Ìyá àgbà wọn tó jókòó lórí àpótí, tí mo rò pé ó ti sùn, lanu: "Ẹ gbọ́ ná. Ṣé ogun ló pa á? Mọ́tò ni. Mọ́tò wà l'Ọ́mùò níbí."

Mo sọ ti Litvyak fún un. Ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ̀ ni pé, "Wọ́n rí òkú rẹ̀ sin?" Mo ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1943 ló gbé bàálù lọ tí kò padà, ó ku ọjọ́ díẹ̀ kó pé ọdún 22. Nítorí pé òkú rẹ̀ ò sí, àwọn kan ń kùn pé bóyá ọwọ́ Jámánì ló bọ́ sí, wọn ò sì fún un ní oyè akọni. Inna Pasportnikova, mẹkáníìkì tó ń tún bàálù rẹ̀ ṣe, wá a kiri pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. 1990 ni Gorbachev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, tó fún un ní oyè náà. Ìyá àgbà mi orí. "Mẹkáníìkì yẹn, obìnrin náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mo mọ̀," ló wí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìyàwó ò tíì wọṣọ, wọ́n ti gbé ọmọ náà ti ògiri pálọ̀. NDA ní obìnrin ò gbọ́dọ̀ kúrú ju mítà 1.65 lọ. Ẹ̀gbọ́n wọn tó jẹ́ téélọ̀ fa téépù rẹ̀ yọ, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sógiri. Ó lé 1.65 dáadáa. Bàbá wọn ní kó bọ́ sílípáàsì. Ó bọ́ ọ, ó ṣì lé. Mo rán an létí pé JAMB ló kọ́kọ́ wà níwájú, kó sì fi NDA ṣe àkọ́kọ́ nínú ibi tó máa mú. Ó ní òun mọ̀, fisíìsì nìkan ló ń dà á láàmú.

Ìyá àgbà fi ọ̀pá nà sí mi. "Ìwọ tó o kó ìtàn wá láti Ìbàdàn, wàá wá olùkọ́ fisíìsì fún un. Bí wọ́n bá sì mú un, ìwọ ni wàá sìn ín dé Kàdúná. Èmi ò wọ mọ́tò."