Take ni mú, ó tán

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Kábà lónìí. Kò síná. Ọjà ò fi bẹ́ẹ̀ tà.

Ọ̀rọ̀ kan ni kò kúrò létí mi: "Take ni mú, ó tán." Ìyá oníkajú ló sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ àṣetiléwá Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n. Ọmọ náà kọ ọ́, ó fi rúlà fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Báírò ò tíì gbẹ tí ìyá fi ní: "Kó kajú yẹn wọlé kó má tutù, gbé àpò kúrò lójú òjò, gba owó lọ́wọ́ bàbá yẹn." Take mẹ́ta nìyẹn, mú kankan ò sí níbẹ̀.

Ó tán kẹ̀? Ohun tó bá pọ̀, kíkó ni. Èyí tó wúwo, gbígbé ni. Tọwọ́ ẹlòmíì, gbígbà ni. Àkókò náà, gbígbà ni. Fọ́tò, à ń yà á. Mọ́tò, à ń wọ̀ ọ́. Oògùn, à ń lò ó, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà: "I am using drugs" lẹ́nu wa, ibà ni, létí Òyìnbó, igbó àti kokéènì ni. Take ló yẹ níbẹ̀.

Take fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè tó ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ló kó taka dé, òun ló di take. Niman ni àwọn onílé ń pe mú nígbà náà. Ará Jámánì ṣì ń sọ nehmen dòní. Àlejò lé onílé jáde. Mistake náà, mistaka ni lẹ́nu wọn: kéèyàn ṣì nǹkan mú. Àṣìmú! Àwa ní àṣìṣe, àṣìsọ, àṣìwí. Òyìnbó fi àṣìmú kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nìkan.

Ṣùgbọ́n niman ò kú tán. Ó kù sínú numb: ohun tí nǹkan ti mú. Bí ọyẹ́ ṣe ń mú ọwọ́ títí tí ìka ò ní mọ ohun tó dì mú mọ́. Òtútù mú mi, ibà mú un, òùngbẹ ń gbẹ… rárá, ìyẹn ò sí lára wọn. Àbí ìyá yẹn jàre ni? Bóyá díẹ̀. "Ó tán" yẹn ló bí mi nínú, ká ní ó dúró síbi "take ni mú"…

Ọmọ ti ṣíwèé dé ojú ewé kejì ṣá. Get ló kàn.