Bàbá inú fíìmù yẹn ni mo ń wò báyìí

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iná wà ní Kábà lálẹ́ àná (ẹ bá wa dúpẹ́), làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bá ní àfi kí n wá fíìmù fún àwọn. Mo gbé Mary Poppins ti ọdún 1964 sí i, èyí tá a máa ń wò lórí kásẹ́ẹ̀tì ní Ìsánlú nígbà tá a wà ní kékeré.

Láyé ìgbà yẹn, obìnrin tó ń fi agboòrùn fò ni mo mọ̀, àtàwọn tó ń nu ihò èéfín tí wọ́n ń jó lórí òrùlé. Lánàá, ojú mi ò kúrò lára Ọ̀gbẹ́ni Banks, bàbá àwọn ọmọ náà. Owó táṣẹ́rẹ́ tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ra oúnjẹ ẹyẹ ló dá rúgúdù sílẹ̀ ní báńkì tí bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́. Làwọn ọ̀gá báńkì bá ránṣẹ́ pè é lóru. Ó dá nìkan rìn la London kọjá, ó mọ̀ pé wọ́n máa lé òun lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n já òdòdó àyà kóòtù rẹ̀, wọ́n yí agboòrùn rẹ̀ sódì, wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lu fìlà rẹ̀ jálu. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba rí, tí owó oṣù ò wọlé, á mọ ohun tí mò ń wí.

"Àǹtí, ẹ̀ ń sunkún ni?"

Mo ní eruku ọyẹ́ ni.

Julie Andrews tó ṣe obìnrin alágboòrùn gba Oscar lórí fíìmù yẹn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tèmi, David Tomlinson tó ṣe bàbá ló ni ín.