Ohun tí òtẹ́ẹ̀lì ń tà ní Lọ́ńdọ̀nù, àti ohun tó ń tà l'Ékòó

Bí ará Èkó bá ní òtẹ́ẹ̀lì kan dára, ohun tó sábà máa ń tẹ̀lé e ni pé tuntun ni. Gíláàsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mábù tí èèyàn lè fi wojú, òórùn ọ̀dà tí kò tíì kúrò lára ògiri. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti rí i pé ibòmíràn ni àwọn olówó ibí ń náwó sí. Ilé tó ti gbó ni wọ́n ń wá. Òtẹ́ẹ̀lì The Ned, tó ṣílẹ̀kùn ní 2017, olú ilé iṣẹ́ Midland Bank ni tẹ́lẹ̀, Edwin Lutyens ló ya àwòrán rẹ̀. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí báǹkì ń kó ohun iyebíye pamọ́ sí ti di ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí, àwọn àpótí onírin tí àwọn oníbàárà ń lò sì wà lára ògiri títí dòní.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ilé pupa gàgàrà tó dúró níwájú ibùdó rélùwéè St Pancras. Midland Grand Hotel ni wọ́n ń pè é nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní 1873. George Gilbert Scott tó ya àwòrán rẹ̀ jẹ́ ẹni tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì í kọ́, ó sì hàn: fèrèsé olórí ṣóńṣó, ilé ìṣọ́ gogoro, bíríkì lórí bíríkì. Mo ti sùn níbẹ̀. Ẹ kò ní fẹ́ wọ lìfìtì rárá, nítorí àtẹ̀gùn ilé náà: ẹyọ kan ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè lọ tí ọrùn yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. (Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ọ̀pọ̀ yàrá wà ní apá tuntun tí wọ́n fi kún un, kì í ṣe nínú ilé àtijọ́. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.)

Ilé yìí kan náà ni wọ́n tì pa ní 1935. Balùwẹ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì mìíràn ń fi balùwẹ̀ sí yàrá kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣì ń ru omi gbígbóná lọ bá àlejò. Wọ́n sì ti kọ́ ilẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan nípọn kí iná má baà jó o, ọ̀nà tí páìpù máa gbà kọjá kò wá sí. Ó di ọ́fíìsì rélùwéè. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ wó o. Akéwì John Betjeman wà lára àwọn tó kọ̀ jálẹ̀, ní 1967 ìjọba sì kà á mọ́ àwọn ilé tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ lábẹ́ ààbò òfin. Ó di 2011 kí àlejò tó tún sùn níbẹ̀. Ọdún 44 ni òfin fi kàn ń sọ pé ẹ má wó o, kí owó tó dé.

Nígbà tí mo bá wálé, tí mo sì wọ òtẹ́ẹ̀lì ní Victoria Island, ọ̀nà mìíràn ni ìgbádùn ń gbà wọlé. Ẹ̀ṣọ́ á fi dígí wo abẹ́ mọ́tò kó tó ṣí géètì. Ẹnì kan á ti gba báàgì kí n tó sọ̀kalẹ̀ tán, “Ẹ káàbọ̀, sà” á máa dún lọ́tùn-ún lósì. Bí iná bá lọ, kí èèyàn tó ṣẹ́jú, jẹnẹrétọ̀ á ti gbà á. Mo mọrírì rẹ̀ gidi gan-an, n kò sì fara mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi lókè òkun tó ń fojú tín-ín-rín rẹ̀: iṣẹ́ ńlá ni kí ilé kan pèsè iná, omi àti ààbò fún ara rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni owó wa ń bá lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, iná àti omi wà ní yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀, kò sí òtẹ́ẹ̀lì tó lè fi wọ́n pe oníbàárà. Ó ní láti wá nǹkan mìíràn tà, ọjọ́ orí ilé sì ni ẹnikẹ́ni kò lè lọ kọ́ tuntun rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ilé tó lọ́jọ́ lórí kò wọ́n wa l'Ékòó. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé kọ́ wọn sí Pópó Àgùdà àti àyíká rẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894 wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń kírun nínú rẹ̀. Ìdílé Fernandez kọ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar sí Ìta Tinúbú, ìjọba sì kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa: ọdún 11 ṣáájú kí òfin tó gba St Pancras sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Àwọn kan á ní a kò mọyì ohun tiwa. N kò gbà. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú ilé Àgùdà. Ẹni tó kọ́ ọ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ti pọ̀, wọ́n ti tàn ká. Owó tí ayálégbé ń san kò tó tún òrùlé ṣe, ilẹ̀ abẹ́ ilé sì níye lórí ju ilé lọ. Bí akọ́létà bá dé, kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ? Rélùwéè ló ni St Pancras ní tirẹ̀, ó sì lè wà lófìfo fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹbí kankan tó ń retí owó ẹ̀. Ọwọ́ tó lè tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe kò sì jìnnà: ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló tún Jaekel House ṣe ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ilé tí rélùwéè kọ́ ní 1898. Ẹ lè wọlé lọ wo àwọn fọ́tò àtijọ́. Ibùsùn ni kò sí.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní ìpín nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n má tà á, kí wọ́n fi yá ẹni tó lè tún un ṣe fún ọdún gbọọrọ. Bí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ṣe Old War Office, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun tẹ́lẹ̀, ní Whitehall nìyẹn, ilé tí wọ́n parí ní 1906, tí Churchill ti ṣiṣẹ́. Ọdún 250 ni wọ́n fi yá àwọn olówó tó tún un ṣe, ilé iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì Raffles sì ń gbàlejò níbẹ̀ láti 2023. Ẹbí kan l'Ékòó lè fi ọdún 30 bẹ̀rẹ̀. Onísòwò á tún òrùlé ṣe, á gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ẹbí á máa gba owó lọ́dọọdún, orúkọ bàbá ńlá wọn á sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá mẹ́wàá ti tó. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń wálé ní Dìsẹ́ńbà tí yóò ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ láti oṣù kẹfà.